Ṣé dandan ni kí a máa pààrọ̀ omi akuéríọ̀mù iyùn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀?

Ọmọ Àjílété (Ògbómọ̀ṣọ́)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí a jọ ń sin ẹja òkun nínú ilé. Mo ní akuéríọ̀mù omi òkun kan tó gba lítà 200 nínú pálọ̀ wa ní agbègbè Tákìé. Iyùn rírọ̀ (coral tí kò ní egungun líle) ló pọ̀ jù nínú rẹ̀: *Sarcophyton* ńlá kan àti ọ̀wọ́ *Zoanthus*. Láìpẹ́ yìí ni mo fi iyùn eléegun (irú èyí tó ń kọ́ egungun líle) kún un, ìyẹn *Euphyllia* kan àti *Montipora* kékeré kan. Ẹja inú rẹ̀ kò pọ̀, mi ò sì fún wọn ní oúnjẹ àjẹjù.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń yọ lítà 20 kúrò ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, tí mo sì ń da lítà 20 tuntun sí i. Iyọ̀ òkun alápòpọ̀ tí à ń rà láti Èkó ló ń dà mí láàmú. Lítà omi kan ń gbà tó gíráàmù 36, èyí tó já sí pé iyọ̀ tí mo ń lò láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin fẹ́rẹ̀ẹ́ pé kílò mẹ́ta, òkè òkun sì ni wọ́n ti ń kó o wá, nítorí náà bí dọ́là bá ti gbéra ni owó rẹ̀ náà ń gbéra. Ẹ̀rọ RO (asẹ́ tó ń yọ èròjà tó ti yọ́ sínú omi kúrò) tí mo fi ń sẹ́ omi bọ́ọ̀hòlù tún máa ń da omi púpọ̀ nù kí ó tó fún mi ní lítà kan, kì í sì í ṣiṣẹ́ rárá nígbà tí kò bá sí iná láti fa omi.

Ohun tí mo rí nígbà tí mo yẹ omi wò kẹ́yìn nìyí: ìwọ̀n iyọ̀ jẹ́ 35, ooru jẹ́ 26, náítíréètì jẹ́ 8, fọ́síféètì jẹ́ 0.06, kálísíọ̀mù jẹ́ 400 (mílígíráàmù nínú lítà kan ni mo fi wọn mẹ́ta tó kẹ́yìn). Alkalinity (agbára omi láti kojú ásíìdì, tí iyùn eléegun ń fà mu láti kọ́ egungun; dKH ni a fi ń wọ̀n ọ́n) nìkan ni kò dúró lójú kan. Omi tuntun tí mo ń pò jẹ́ 8.5 dKH, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí iyùn eléegun ti wọlé, ti inú akuéríọ̀mù ti wálẹ̀ di 6.4, bẹ́ẹ̀ mi ò sì tíì fo ọ̀sẹ̀ kankan.

Mo ti ka ọ̀rọ̀ àwọn tó wà ní Amẹ́ríkà àti Jámánì tí wọ́n sọ pé àwọn kò pààrọ̀ omi mọ́, tí iyùn wọn sì ń dàgbà. Ṣé mo lè dáwọ́ dúró, àbí iyùn mi yóò kú? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Bàbá Ẹlẹ́ja (Ọ̀yọ́)

Ọmọ mi, o kú ìtọ́jú. Ẹja àrọ̀ ni èmi ń sìn lẹ́yìn ilé, nínú àgbá kọnkéré àti ti tapólì, mo sì ti pẹ́ nídìí rẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé bí ẹja bá ti ń jẹun, ó di dandan kí omi jáde. Omi tí a kò pààrọ̀ á máa rùn, ẹja á máa gbé ẹnu sókè, wọn kò sì ní jẹun mọ́. Bí ti ẹja àrọ̀, tó jẹ́ ẹja líle, bá rí báyìí, báwo ni ti iyùn tó jẹ́ ẹlẹgẹ́ yóò ṣe rí? Má ṣe torí owó iyọ̀ pa ohun ọ̀sìn rẹ. Máa pààrọ̀ omi rẹ.

Olùkọ́ Kẹ́mísìrì (Ògbómọ̀ṣọ́)

Bàbá, ẹ kú ìmọ̀ràn. Òtítọ́ ni ohun tí ẹ sọ nípa ẹja àrọ̀, ṣùgbọ́n ohun tó ń mú yín da omi nù yàtọ̀ sí ohun tó ń mú ẹni tó ń sin iyùn da omi nù. Nínú àgbá ẹja àrọ̀, ẹja pọ̀ gan-an, oúnjẹ sì pọ̀, nítorí náà ámóníà ń kóra jọ ju bí bakitéríà ṣe lè sọ ọ́ di nǹkan mìíràn lọ. Ẹja àrọ̀ lè fara da omi tí ọ́síjìn rẹ̀ kéré fún ìgbà díẹ̀ nítorí pé ó ní ẹ̀yà ara tó fi ń mí afẹ́fẹ́ òkè omi. Iyùn kò ní irú ẹ̀yà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú akuéríọ̀mù iyùn tó ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, tí ẹja inú rẹ̀ kò pọ̀, bakitéríà tó ń gbé inú òkúta àti iyanrìn ń sọ ámóníà di náítíráìtì, wọ́n sì ń sọ náítíráìtì di náítíréètì, débi pé ámóníà kì í fara hàn nígbà tí a bá yẹ omi wò. Kì í ṣe torí ámóníà ni a ṣe ń pààrọ̀ omi níbẹ̀.

Iṣẹ́ méjì ni omi tuntun ń ṣe nínú akuéríọ̀mù iyùn. Ó ń dín ohun tó ti pọ̀ jù kù, ó sì ń dá ohun tí iyùn ti fà mu padà. Ó yẹ kí a fi ìṣirò wo méjèèjì, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé omi tuntun lágbára ju bó ṣe rí lọ.

Ká ní náítíréètì ń fi 5 lé sí i láàárín ọ̀sẹ̀ kan, tí a sì ń pààrọ̀ ìdá kan nínú mẹ́wàá omi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Náítíréètì yẹn kò ní dúró sí 5. Yóò máa gòkè díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi sún mọ́ 50, nítorí pé ìgbà tó bá tó 50 ni ìdá kan nínú mẹ́wàá tí à ń yọ yóò tó bá 5 tó ń wọlé dọ́gba. Bẹ́ẹ̀ náà ni pé pípààrọ̀ ìdá kan nínú mẹ́wàá ní ẹ̀ẹ̀mẹrin kò já sí ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá, torí pé nígbà kejì, a tún ń da díẹ̀ nù nínú omi tuntun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bù sí i. Ohun tó jáde gan-an kò ju nǹkan bí 34 nínú ọgọ́rùn-ún lọ.

Ní ti iṣẹ́ kejì, àbúrò mi, alkalinity rẹ ti fi hàn wá. Omi tuntun jẹ́ 8.5, ti inú akuéríọ̀mù jẹ́ 6.4; ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 2.1. Lítà 20 nínú lítà 200 kò lè gbé e sókè ju nǹkan bí 0.2 lọ. Bí iyùn rẹ bá ń fà ju 0.2 lọ láàárín ọ̀sẹ̀, o lè máa pààrọ̀ omi títí ayé, alkalinity yóò ṣì máa wálẹ̀. Nígbà tí *Montipora* yẹn bá dàgbà, ohun tó ń fà lọ́sẹ̀ yóò ju ti ìsinsìnyí lọ ní ìlọ́po púpọ̀.

Nítorí náà, náítíréètì 8 àti fọ́síféètì 0.06 kò béèrè pé kí o da omi nù. Alkalinity ló ń béèrè ìrànlọ́wọ́, omi tuntun kò sì lè ṣe ìrànlọ́wọ́ yẹn tó. Lójú tèmi, owó ńlá ni o ń ná sórí iṣẹ́ tí kò pọn dandan, tí ìṣòro rẹ gan-an sì wà níbi tó wà.

Olùtọ́jú Iyùn (Ọ̀yọ́)

Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ Olùkọ́. Èmi kì í pààrọ̀ omi lóòrèkóòrè mọ́, iyùn eléegun ló sì pọ̀ jù lọ nínú tèmi, títí kan *Acropora*. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe rò pé ńṣe ni mo fi omi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Gbogbo iṣẹ́ tí omi tuntun ń ṣe ni mo ti wá nǹkan mìíràn fún.

Skimmer mi ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru, ó ń fi ìfófòó gbé ìdọ̀tí jáde kí ó tó jẹrà. Nínú àpótí kejì tó wà lábẹ́ akuéríọ̀mù, mo ń gbin ewédò kan tí à ń pè ní *Chaetomorpha*, mo sì ń tan iná sí i lóru nígbà tí iná òkè bá ti kú. Bí ewédò yìí ti ń dàgbà ni ó ń fa náítíréètì àti fọ́síféètì mu. Bí ó bá ti kún, mo máa ń gé e, mo sì ń kó èyí tí mo gé dànù, ìdọ̀tí tó ti fà sì ń bá a lọ. Ìdí tí mo fi ń tan iná rẹ̀ lóru ni pé alẹ́ ni pH máa ń wálẹ̀, ewédò tó ń rí iná lásìkò yẹn sì ń fa káríbọ́ọ̀nù-dàí-ọ́sáìdì inú omi, kò ní jẹ́ kí ó wálẹ̀ púpọ̀. Èyí wúlò fún wa gan-an níbi tí a ti ń ti ilé pa nítorí eruku ọyẹ́, tàbí tí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń ṣiṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

Alkalinity, kálísíọ̀mù àti màgínísíọ̀mù ni mo ń fi kún omi lójoojúmọ́ ní ìwọ̀n tí iyùn ń fà. Mo ń wọn alkalinity ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́sẹ̀, ní wákàtí kan náà, mo sì ń kọ ọ́ sínú ìwé. Ní ti àwọn èròjà kéékèèké bíi iodine, strontium àti irin, mo ń fi omi ránṣẹ́ sí òkè òkun lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan fún àyẹ̀wò ICP.

Ohun kan tún wà tí àwọn ènìyàn kì í sọ. Omi tuntun náà lè ṣe ìpalára. Àwọn iyọ̀ kan wà tó jẹ́ pé bí o bá pò wọ́n tán, alkalinity wọn yóò jẹ́ 11 tàbí 12. Bí akuéríọ̀mù rẹ bá wà ní 7, tí o wá da irú omi bẹ́ẹ̀ sí i púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, iyùn eléegun lè bó láti ẹsẹ̀ wá. Omi tó dúró lójú kan ni iyùn fẹ́.

Ará Awẹ́

Ẹ̀gbọ́n Olùtọ́jú, mo bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ yín, ṣùgbọ́n mi ò rò pé ó yẹ kí Ọmọ Àjílété tẹ̀ lé e ní báyìí. Ètò yín dára fún ẹni tó ní àpótí kejì, tó ní ẹ̀rọ, tó sì ní owó láti fi omi ránṣẹ́ sí òkè òkun. Owó àyẹ̀wò kan ṣoṣo, pẹ̀lú owó ìfiránṣẹ́ rẹ̀, lè ra iyọ̀ tó lè tó o fún ìgbà pípẹ́. Kí ni yóò wá jèrè níbẹ̀?

Ẹ tún wo *Sarcophyton* ńlá tó sọ pé òun ní. Iyùn rírọ̀ yìí máa ń tú èròjà olóró sínú omi láti fi lé àwọn iyùn mìíràn sẹ́yìn, iyùn eléegun bíi *Montipora* sì wà lára àwọn tó máa ń jìyà rẹ̀. Kò sí ohun èlò ìdánwò ilé tó lè fi èyí hàn ọ́. Pípààrọ̀ omi ń dín in kù láì jẹ́ pé o mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Ẹ tún rántí pé bí ènìyàn bá ń fi baking soda àti calcium chloride kún omi lójoojúmọ́, lẹ́yìn tí iyùn bá ti mú ohun tó fẹ́ nínú wọn, sodium àti chloride ló ń ṣẹ́ kù, ìyẹn ni iyọ̀ ìdáná lásán. Yóò máa pọ̀ sí i, yóò sì máa yí bí àwọn èròjà omi òkun ṣe bára mu padà. Bí o bá bu omi díẹ̀ kúrò láti dá ìwọ̀n iyọ̀ padà sí 35, ìwọ̀n lè pé, ṣùgbọ́n màgínísíọ̀mù, potassium àti àwọn yòókù yóò ti dín kù.

Mo sì ti rí ibi tí ẹni tó pa pípààrọ̀ omi tì ti ń lé òdo kiri. Ó ń fẹ́ kí náítíréètì àti fọ́síféètì jẹ́ òdo pátápátá. Nígbà tí wọ́n di òdo, dinoflagellate bo gbogbo iyanrìn rẹ̀: nǹkan aláwọ̀ ilẹ̀ tó ń yọ̀, tí ìfófòó afẹ́fẹ́ ń so mọ́ lára. Iyùn pàápàá nílò díẹ̀ nínú náítíréètì àti fọ́síféètì láti wà láàyè.

Olùtọ́jú Iyùn (Ọ̀yọ́)

Ará Awẹ́, òótọ́ ni ti *Sarcophyton*. Ṣùgbọ́n èédú activated carbon tí a fi sínú àpò asẹ́ ń ṣe iṣẹ́ yẹn dáadáa ju lítà 20 omi tuntun lọ. Kí ó rí i pé ó jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe fún akuéríọ̀mù, kì í ṣe èédú ìdáná. Ní ti iyọ̀ tó ń ṣẹ́ kù, ọ̀nà Balling tí àwọn ará Jámánì ń lò (fífi kálísíọ̀mù àti alkalinity kún omi lọ́tọ̀ọ̀tọ̀) ti ní àtúnṣe fún un: iyọ̀ òkun tí wọ́n ti yọ sodium chloride kúrò nínú rẹ̀ ni wọ́n ń fi kún un gẹ́gẹ́ bí apá kẹta. Ti òdo tí ẹ sọ ni mo gbà láìjiyàn.

Ọmọ Àjílété (Ògbómọ̀ṣọ́)

Mo dúpẹ́ púpọ̀ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ìbéèrè méjì ló tún jẹ yọ. Lásìkò ọyẹ́ tí a wà yìí, pẹ̀lú fáànù kékeré tí mo dojú rẹ̀ kọ omi láti mú un tutù, omi máa ń gbẹ tó lítà mẹ́rin lójúmọ́. Ẹnìkan sọ fún mi pé kí n máa fi omi oníyọ̀ dí ohun tó gbẹ, pé ó dúró fún pípààrọ̀ omi. Ẹlòmíràn ní kí n máa lo omi òjò nígbà tí òjò bá dé, kí n lè jáwọ́ nínú wàhálà ẹ̀rọ RO. Kí lẹ rí sí i?

Ará Under G (Ògbómọ̀ṣọ́)

Omi òjò dára gan-an ni o. Láti ọ̀run ló ti wá, kò ní iyọ̀ ilẹ̀ kankan nínú. Bí iyọ̀ òkèèrè bá sì wọ́n, iyọ̀ ìdáná náà iyọ̀ ni, láti inú òkun ni púpọ̀ nínú wọn ti wá. Ẹja kò mọ ìyàtọ̀.

Olùkọ́ Kẹ́mísìrì (Ògbómọ̀ṣọ́)

Rárá, ọ̀rẹ́ mi, ìmọ̀ràn yìí lè pa gbogbo ohun tó wà nínú akuéríọ̀mù náà láàárín ọjọ́ díẹ̀, mo sì bẹ Ọmọ Àjílété kí ó má ṣe tẹ̀ lé e. Iyọ̀ ìdáná fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ sodium chloride nìkan. Omi òkun tó ní gíráàmù 35 iyọ̀ nínú lítà kan ní nǹkan bí mílígíráàmù 420 kálísíọ̀mù, nǹkan bí 1,300 màgínísíọ̀mù àti nǹkan bí 400 potassium, pẹ̀lú èròjà tó ń gbé alkalinity ró. Kò sí èyí tó tó nǹkan nínú wọn nínú iyọ̀ ọbẹ̀. Iyùn kò lè fi í kọ́ egungun.

Ní ti omi òjò, láti ojú sánmà ni ó ti wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n orí páánù ni ó ń gbà dé inú àgbá wa. Zinc ni wọ́n fi bo páánù, eruku oṣù mélòó kan sì ń dúró dè é lórí òrùlé kí òjò àkọ́kọ́ tó rọ̀. Zinc àti bàbà, bí ó tilẹ̀ kéré, jẹ́ májèlé fún iyùn, fún edé àti fún ìgbín inú omi. Bí ó bá fẹ́ lo omi òjò rárá, kí ó gbà á láti ojú sánmà gbangba lórí tapólì tó mọ́, lẹ́yìn tí òjò bá ti rọ̀ dáadáa fún ìgbà díẹ̀, kí ó sì tún fi ẹ̀rọ ìwọn TDS (àpapọ̀ ohun tó ti yọ́ sínú omi) wò ó. Omi kànga ni mo kórìíra jù lọ fún iṣẹ́ yìí. Kànga tó sún mọ́ ṣáláńgá lè ní náítíréètì tó pọ̀ ju ti inú akuéríọ̀mù lọ, nígbà náà, ńṣe ni ẹni tó ń pààrọ̀ omi ń da ìdọ̀tí sí i.

Ẹni tó ní kí o fi omi oníyọ̀ dí ohun tó gbẹ kò ro ọ̀rọ̀ náà dé ìdí. Omi ló ń gbẹ, iyọ̀ kì í bá a lọ. Lítà mẹ́rin omi oníyọ̀ ní gíráàmù 140 iyọ̀ nínú. Bí o bá dà á sí lítà 200, ìwọ̀n iyọ̀ yóò fi 0.7 gòkè lójúmọ́, láàárín ọ̀sẹ̀ kan yóò ti kúrò ní 35 bọ́ sí nǹkan bí 40. Omi RO tí kò ní iyọ̀ ni kí o máa fi dí i, lójoojúmọ́, má ṣe jẹ́ kí ó di ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Èyí kò sì dúró fún pípààrọ̀ omi lọ́nàkọnà, nítorí kò sí ohun tó jáde.

Ìyá Ìbejì (Ọ̀yọ́)

Ẹ kú àlàyé o. Mo fẹ́ fi kún ọ̀rọ̀ omi tó ń gbẹ yìí, nítorí mo rò pé àǹfààní ló jẹ́ fún wa, tí àwọn tó ń gbé ibi tí afẹ́fẹ́ wọn tutù tó sì lọ́rinrin kò ní tó bẹ́ẹ̀. Kalkwasser, ìyẹn calcium hydroxide tí a pò mọ́ omi RO, ní kálísíọ̀mù àti alkalinity pa pọ̀ ní ìwọ̀n tí iyùn fi ń kọ́ egungun gan-an, kì í sì í fi iyọ̀ ìdáná tí Ará Awẹ́ ń sọ sílẹ̀ lẹ́yìn. Ìdíwọ̀n rẹ̀ ni pé a kò lè fi í sí i ju bí omi ṣe ń gbẹ lọ. Lítà kan èyí tó mu kalkwasser yó ń gbé alkalinity lítà 200 sókè ní nǹkan bí 0.6. Ẹni tí omi rẹ̀ ń gbẹ ní lítà mẹ́rin lójúmọ́ lè rí ju 2 lọ lójúmọ́, èyí sì tó fún akuéríọ̀mù tó kún fún *Acropora*. Ọmọ Àjílété kò nílò tó bẹ́ẹ̀ rárá. Kí ó fi ìdá kan nínú mẹ́wàá agbára rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí ó máa jẹ́ kí ó kán sínú omi ní ẹ̀kán-ẹ̀kán lóru, kí ó sì máa wọn alkalinity. Bí òjò bá dé tí omi kò gbẹ tó bẹ́ẹ̀ mọ́, kí ó tún ìwọ̀n rẹ̀ ṣe.

Ọ̀rọ̀ kejì ni ti iná, mo sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ènìyàn kò pààrọ̀ omi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ mọ́, kò yẹ kí ilé rẹ̀ ṣófo kí ó má sí omi òkun tí a ti pò sílẹ̀. Níbí, iná lè lọ láti àárọ̀ di ọjọ́ kejì. Bí pọ́ǹpù bá dúró, ọ́síjìn á dín kù, ẹja tàbí ìgbín kan lè kú sẹ́yìn òkúta, kí a tó mọ̀, ámóníà á ti tú sínú omi. Ọmọdé lè fín òògùn ẹ̀fọn sí pálọ̀. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, omi púpọ̀ ni o máa fẹ́ pààrọ̀ lójú ẹsẹ̀, RO kò sì ní lè sẹ́ omi fún ọ láìsí iná. Mo máa ń tọ́jú kẹ́ẹ̀gì omi oníyọ̀ tó lè pààrọ̀ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá ti akuéríọ̀mù mi, mo ń bo ẹnu wọn dáadáa, mo sì ń mì wọ́n kí n tó lò wọ́n. Ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ kékeré tó ń lo bátìrì tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ìwọ̀nyí ló ń jẹ́ kí n sùn.

Ará Awẹ́

Ìyá Ìbejì, ẹ ṣeun, àlàyé yín lórí kalkwasser yé mi ju bí mo ṣe mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kí n fi ìkìlọ̀ sí i fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀. pH rẹ̀ tó nǹkan bí 12, ó lè jó awọ, ó sì léwu gan-an fún ojú, nítorí náà kí àwọn ọmọ má sún mọ́ ọn. Bí a bá pò ó, kí a jẹ́ kí ó rọ̀ sílẹ̀, omi òkè tó mọ́ ni à ń lò, a kì í da funfun ìsàlẹ̀ sí i. Bí ó bá dà wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, pH á fò sókè, ohun gbogbo á sì wà nínú ewu.

Kalkwasser kò tún yẹ fún gbígbé 6.4 padà sí 8 lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdúróṣinṣin ló wà fún. Baking soda ni kí ó kọ́kọ́ fi tún un ṣe. Fún lítà 200, nǹkan bí gíráàmù 6 ń gbé alkalinity sókè ní 1 dKH, èyí tó fi hàn pé gíráàmù mẹ́wàá yóò tó o. Kí ó yọ́ ọ sínú omi RO, kí ó pín in sí ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ó má ju 1 lọ lójúmọ́. Baking soda ni mo wí o, kì í ṣe baking powder tí wọ́n fi ń ṣe àkàrà òyìnbó, nítorí pé ásíìdì wà nínú ìyẹn. Kí ó sì wọn màgínísíọ̀mù, nítorí kò sọ iye tirẹ̀. Bí màgínísíọ̀mù bá kéré gan-an, kálísíọ̀mù àti alkalinity kì í fẹ́ dúró sínú omi, wọ́n á máa di ẹfun sára pọ́ǹpù.

Bàbá Ẹlẹ́ja (Ọ̀yọ́)

Mo ti ń ka gbogbo rẹ̀, ó sì ń yé mi. Ìbéèrè kan ni mo ní. Òkun wà ní Èkó, ọkọ̀ sì ń lọ sí Èkó lójoojúmọ́. Kí ló dé tí ẹ kò ní kí wọ́n bá yín bu omi òkun gan-an wá?

Olùtọ́jú Iyùn (Ọ̀yọ́)

Bàbá, ìbéèrè gidi ni. Lítà 20 omi wúwo ju kílò 20 lọ, nítorí náà owó ọkọ̀ lè ju owó iyọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti máa bù ú ló nira jù. Omi ọ̀sà kò tó iyọ̀, nítorí pé omi odò ti dà pọ̀ mọ́ ọn, pàápàá ní àsìkò òjò. Etí òkun tó sún mọ́ ìlú sì ń gba ìdọ̀tí ilé àti epo ọkọ̀ ojú omi. Ẹni tó bá ní ọ̀nà láti rí omi láti inú agbami, jìnnà sí etíkun, lè lò ó lẹ́yìn tó bá ti yẹ̀ ẹ́ wò. Àwa tí a wà ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ kò sábà ní irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀.

Ọmọ Àjílété (Ògbómọ̀ṣọ́)

Ẹ ṣeun gan-an, Ọlọ́run yóò bù kún ìmọ̀ yín. Ohun tí mo fẹ́ ṣe nìyí, ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò. Mi ò ní dáwọ́ dúró pátápátá, nítorí ọ̀rọ̀ *Sarcophyton* àti nítorí pé mi ò ní àpótí kejì fún ewédò. Lítà 20 lẹ́ẹ̀kan lóṣù ni mo ní lọ́kàn, dípò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. N ó lo baking soda láti gbé alkalinity padà sí 8, n ó sì fi kalkwasser díẹ̀ sínú omi tí mo fi ń dí èyí tó gbẹ. N ó ra activated carbon, n ó sì máa tọ́jú lítà 60 omi oníyọ̀ sílẹ̀. Ṣé mo lè bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀?

Olùkọ́ Kẹ́mísìrì (Ògbómọ̀ṣọ́)

Ètò náà dára, ṣùgbọ́n má ṣe fò láti ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ sí oṣooṣù lẹ́ẹ̀kan náà. Bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, kí o máa wọn náítíréètì àti fọ́síféètì ní gbogbo ìgbà tí o bá fẹ́ pààrọ̀ omi, kí o sì kọ wọ́n sílẹ̀. Bí náítíréètì kò bá ju 15 lọ, tí fọ́síféètì kò sì ju 0.1 lọ fún oṣù méjì, o lè sún un sí oṣooṣù. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ń gòkè láì dúró, kọ́kọ́ dín oúnjẹ ẹja kù kí o tó ronú nípa omi. Bí wọ́n bá ń lọ sí òdo, fi oúnjẹ díẹ̀ kún un.

Má ṣe bẹ̀rẹ̀ baking soda àti kalkwasser ní ọ̀sẹ̀ kan náà. Jẹ́ kí alkalinity kọ́kọ́ dé 8, kí o wọn ohun tí iyùn ń fà láàárín ọ̀sẹ̀ kan tí o kò fi nǹkan kan sí i, ìyẹn ni yóò sọ ìwọ̀n kalkwasser tó yẹ fún ọ. Kí o tó ṣe èyíkéyìí nínú wọn, fi omi àyẹ̀wò tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 35 tún refractometer (ẹ̀rọ ìwọn iyọ̀) rẹ ṣe, kì í ṣe omi RO nìkan, nítorí pé ẹ̀rọ tó pé ní òdo lè ṣì ní 35, gbogbo iye tí o sì ti kọ sílẹ̀ yóò ti ṣì pẹ̀lú rẹ̀. Tí o bá ti rí iye màgínísíọ̀mù, fi ránṣẹ́ síbí kí a jọ wò ó.